Mo fẹ́ dá gẹ́ẹ̀mù ìtàn mi dúró díẹ̀, Windows XP náà sì kọ̀ kò wọlé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ̀tàn Tanke

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣe visual novel kan. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, gẹ́ẹ̀mù tó jẹ́ ìtàn ni: àwòrán á wà lójú, ọ̀rọ̀ á máa jáde nísàlẹ̀, ẹni tó ń ṣe é á máa yan ohun tí ẹ̀dá ìtàn yóò sọ àti ọ̀nà tí yóò gbà. Ren'Py ni mo fi ń ṣe é, torí pé ọ̀fẹ́ ni, láti 2004 ló sì ti wà. Èmi ni mò ń kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń ya àwòrán rẹ̀ títí ó fi rìnrìn àjò lọ sókè òkun lọ́dún tó kọjá. Yorùbá ni gbogbo ẹ̀dá inú ìtàn náà ń sọ. Ìlọrin ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún 2003, nínú ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Post Office tí wọ́n ti ń bá èèyàn tẹ̀wé. Ọmọbìnrin kan tó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù náà ni ìtàn ń tẹ̀ lé. Orí mẹ́ta ti parí. Ìkẹrin ti há mi lọ́rùn láti oṣù Èrèlé.

Màmá mi gan-an ló ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Mo kéré. Abẹ́ tábìlì ni mo máa ń sùn sí, tí ooru CPU á máa fẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí iná dé tí ìyá inú ìtàn fẹ́ tan ẹ̀rọ rẹ̀, mo wá rí i pé mi ò mọ ohun tó máa ń kọ́kọ́ yọ lójú rẹ̀. Mo wo àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí, ṣùgbọ́n àwòrán ò lè fi bí èèyàn ṣe ń jókòó dúró dè é hàn mí. Ni mo bá lọ gbé CD Windows XP màmá mi jáde, èyí tó bá ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 tí XP máa ń béèrè, èyí tó wà lára ìlẹ̀mọ́ ẹ̀gbẹ́ CPU, ṣì ṣeé kà dáadáa.

Inú láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ni mo ti gbìyànjú rẹ̀. Á ka CD, ojú á di búlúù, á máa kó fáìlì jọ, á ní òun ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àfi gbì! Búlúù mìíràn pẹ̀lú àmì àṣìṣe 0x0000007B. Mo tún un ṣe títí. Mo gbìyànjú Windows 98 náà. Báyìí ni oṣù méjì ṣe lọ.

Èyí tó ń dùn mí nìyí: tí mo bá jókòó ti XP yẹn lálẹ́, ara mi á yá gágá. Tí mo bá ṣí script mi, àyà mi á máa lù. Àwọn èèyàn sì ń dúró dè mí. Mẹ́rin nínú wọn fi owó dátà ránṣẹ́ sí mi tìfẹ́tìfẹ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ẹnì kan á bi mí pé, “Orí kẹrin ń kọ́?”

Ṣé kí n kéde pé mo dá a dúró? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní di irọ́ mọ́ mi lọ́wọ́? Nípa ti XP, mò ń rò ó pé kí n pín dísìkì láptọ́ọ̀pù mi tó tuntun sí méjì, èyí tí iṣẹ́ mi wà lórí rẹ̀, kí n fi XP sí apá kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé ó bójú mu?

Atẹ̀rọṣe Táíwò

Àbúrò mi, dúró! Má fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù yẹn.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Oníbàárà mi kan fẹ́ fi XP sórí ẹ̀rọ tí iṣẹ́ àṣekágbá yunifásítì rẹ̀ wà nínú rẹ̀. O mọ ibi tó ti máa ń ní kí o yan apá dísìkì tí o fẹ́? Ó tẹ D, èyí tó ń pa apá náà rẹ́, ẹ̀rọ bi í bóyá ó dá a lójú, ó tẹ L láti gbà. Ó parí nìyẹn. Ó gbé e wá bá mi pẹ̀lú omi lójú. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá a, ìdajì péré ni mo rí gbà padà. Lẹ́tà méjì ni, D àti L.

Nípa 7B: CD rẹ kò bàjẹ́, dísìkì rẹ náà kò bàjẹ́. 2001 ni XP jáde, kò sì gbọ́ èdè AHCI tí àwọn dísìkì SATA ń sọ báyìí. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ní kí o tẹ F6 ní ìbẹ̀rẹ̀, kí o wá ki floppy, dísìkì pẹlẹbẹ àtijọ́, tí dráíbà (ètò tó máa jẹ́ kí XP gbọ́ èdè náà) wà nínú rẹ̀ bọ̀ ọ́. Ta ló ní floppy lónìí? Wọ inú BIOS láptọ́ọ̀pù àtijọ́ yẹn, ìyẹn ètò tó máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí Windows tó dé, wá ibi tí wọ́n kọ SATA Mode sí, yí i kúrò ní AHCI sí IDE tàbí Compatibility, fi pamọ́, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Bí BIOS rẹ kò bá ní àyè yẹn, fi sílẹ̀.

Ọ̀nà tí èmi ì bá gbà ni VirtualBox. Ọ̀fẹ́ ni. Á fi fáìlì kan ṣe bíi dísìkì, XP á rò pé inú ẹ̀rọ tirẹ̀ lòun wà, kò sì ní fọwọ́ kan nǹkan rẹ kankan. Fún un ní mẹmórì 512MB, ó ti tó o. Yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀ nínú Settings, torí láti ọjọ́ 8 oṣù Igbe 2014 ni Microsoft ti jáwọ́ lára XP. Tí o bá fi sí i tán, tí ó mọ́ tónítóní, ya snapshot kan, ìyẹn ẹ̀dà bí ó ṣe wà lásìkò yẹn. Ọjọ́ tí o bá dà á rú, ìṣẹ́jú kan lo fi máa padà síbẹ̀.

Ti 98 yàtọ̀. Má fún un ju 512MB lọ láéláé, ìdààmú ni, 256MB dáa. Bó bá jẹ́ pé òun gan-an lo fẹ́, wá 86Box, ìyẹn máa ń ṣe àfarawé ẹ̀rọ ayé àtijọ́ dé orí káàdì tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n 2003 ni ìtàn rẹ, kí lo ń wá lọ sí 98?

Akọ̀tàn Tanke

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rù D àti L yẹn bà mí. Mi ò ní pín dísìkì kankan mọ́.

Ayàwòrán Gáà-Akanbí

Èmi náà ti dá gẹ́ẹ̀mù kan dúró rí, oṣù mọ́kànlá gbáko. Àṣìṣe mi ni pé mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn dákẹ́, wọ́n sì rò pé mo ti kó owó wọn sá lọ. Nítorí náà, kéde rẹ̀, má sì dá ọjọ́ ìpadà. Sọ ohun tó ti parí. Ṣí Ren'Py, tẹ Lint, á ka iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú script rẹ fún ọ, kí o kọ iye náà síbẹ̀ kí wọ́n rí i pé iṣẹ́ wà nílẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó fowó ránṣẹ́, kọ̀wé sí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó di pé gbogbo ayé gbọ́. Bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ gbà á padà.

Kí o tó ti ilẹ̀kùn: di gbogbo fóòdà náà, fi ọ̀kan sí fláàṣì, fi ọ̀kan sórí ayélujára. Má pa àwọn fáìlì .rpyc tí Ren'Py máa ń ṣe láti inú script rẹ rẹ́, àwọn tó ti fi ìtàn rẹ pamọ́ sí agbede méjì nílò rẹ̀ kí ó lè ṣí fún wọn padà. Kí o sì fi Ren'Py tí o ń lò gan-an pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, Ren'Py ti kúrò ní 7 bọ́ sí 8, wọ́n ti fi Python 2 sílẹ̀ gba Python 3, kóòdù mi kan sì kọ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi tún un ṣe.

Kọ ìwé kékeré kan fún ara rẹ pẹ̀lú: “Ibi tí mo dé nìyí, ohun tó kàn nìyí.” Tí oṣù mẹ́fà bá kọjá, o ò ní rántí.

Ọmọ Ìgbómìnà

Ẹ má bínú sí mi o. Kì í ṣe XP ló dá orí kẹrin dúró. Ẹni tó ti kọ orí mẹ́ta láìmọ ohun tó ń yọ lójú ẹ̀rọ lè kọ ìkẹrin. Kí ló wà nínú orí kẹrin yẹn?

Akọ̀tàn Tanke

Ẹ ti fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n dáhùn.

Nínú orí kẹrin, ìyá fẹ́ sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ń pa ṣọ́ọ̀bù náà tì. Lóòótọ́, màmá mi pa tiwọn tì. Ọjọ́ kan ni mo dé láti iléèwé tí mo bá tábìlì lásán. Mi ò bi wọ́n léèrè rí títí dòní. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí ìyá inú ìtàn máa sọ torí mi ò mọ èyí tí tèmi ì bá sọ.

Ọmọ Ìgbómìnà

Ó yé mi. Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n wà?

Akọ̀tàn Tanke

Wọ́n wà, mo dúpẹ́. Ọ̀fà ni wọ́n wà báyìí.

Ìyá Onítáípù, Òmù-Àrán

Ọmọ mi, ó kú iṣẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tẹ̀wé fún èèyàn, láti orí táípù onírin dé orí kọ̀ǹpútà, mo fẹ́ fi nǹkan díẹ̀ kún ti ìwọ.

Tí iná bá dé, a kì í tan ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A ó kọ́kọ́ dúró kí iná náà fìdí múlẹ̀, torí ó lè lọ kó tún padà wá pẹ̀lú agbára tó máa jó nǹkan. Àwọn oníbàárà á ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Èyí tó fẹ́ lẹ́tà ìwáṣẹ́ á máa wo aago. Tí a bá tan an, àwòrán òkè tútù yẹn tó máa ń wà lójú XP á yọ, pẹ̀lú sánmà. Ó pẹ́ tí mo ti ń rò pé àyíká wa níbí ni wọ́n ti ya á, nígbà òjò. Ọmọ mi ló sọ fún mi pé California ni, pé Charles O'Rear ló yà á ní 1996.

Kí o má gbàgbé bírò dúdú. Ìwé ìpè ìyìgì, ìwé ìsìnkú, gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ lédè wa, ẹ̀rọ kò sì ní àmì. A ó tẹ̀ ẹ́ ní pẹlẹbẹ. Tó bá jáde tán, mo máa ń jókòó pẹ̀lú bírò, máa fi àmì sí abẹ́ ẹ, abẹ́ ọ, abẹ́ ṣ, lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí ẹyọ kan tó mọ́, ká tó gbé e lọ fọ́tòkópì. Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Oníbàárà á máa sọ pé, “Ìyá, ó ti tó, wọ́n á kà á bẹ́ẹ̀.” Mi ò ní gbà. Orúkọ olóògbé tí kò ní àmì lè di orúkọ ẹlòmíì.

Lọ bá màmá rẹ. Ohun tí o ń wá nínú ẹ̀rọ yẹn, ẹnu wọn ló wà.

Akọ̀tàn Tanke

Mà, mo ka èyí nígbà mẹ́ta. Bírò dúdú! Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ Ren'Py, àmì mi ń ṣí kiri. Lẹ́tà “ẹ” ní kóòdù tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n tí ohùn òkè bá wà lórí rẹ̀, àmì ohùn náà máa ń dá wá lọ́tọ̀ ni, fọ́ńtì tí mo kọ́kọ́ lò sì ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Ó kù díẹ̀ kí n yọ gbogbo àmì kúrò. Mi ò mọ̀ pé ìjà tí ẹ ti jà ni.

Ẹ jẹ́ kí n lọ.

Akọ̀tàn Tanke *(ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà)*

Ẹ káalẹ́ o. Mo ní kí n wá jábọ̀.

VirtualBox gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ya snapshot bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọkọ̀ ní Ọ̀fà Garage, mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá màmá mi. Mi ò ṣàlàyé kankan. Mo kàn ṣí XP síwájú wọn nígbà tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró. Wọ́n gba máòsì. Nígbà tí òkè tútù yẹn yọ, wọ́n tẹ ọ̀tún lójú ibi tó ṣófo, wọ́n tẹ Refresh, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọwọ́ òsì wọn wá na sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi pé ó ń wá nǹkan, wọ́n dúró, wọ́n ní, “Níbo ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà?” Apá òsì ló máa ń wà. Mo ti gbàgbé pátápátá.

Mo wá bi wọ́n nípa ọjọ́ tí wọ́n palẹ̀ tábìlì mọ́. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Mi ò tẹ ohunkóhun síbi kankan nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, mo kàn ń gbọ́.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó fowó ránṣẹ́. Mẹ́ta ní kí n má dá nǹkan kan padà, mo ti dá ti ẹnì kẹrin padà. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni màá kéde ìdádúró náà: orí mẹ́ta, iye ọ̀rọ̀ tí Lint kà, mi ò dá ọjọ́. Màá dúró lóòótọ́, torí ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ yìí kò ṣeé fi ìkánjú kọ, mo sì ń wá ẹni tó máa yàwòrán.

Ẹ̀gbọ́n Táíwò, màmá mi fẹ́ kí n fi XP náà sórí kọ̀ǹpútà àbúrò mi fún wọn ní Ọ̀fà. Ṣé mo lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ gbé lọ, tàbí kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀?

Atẹ̀rọṣe Táíwò

Ẹ̀dà ló dáa. Pa XP náà láti inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, Start, Turn Off, má kàn ti ojú fèrèsé rẹ̀ pa. Lẹ́yìn náà lọ sí File, yan Export Appliance, á di fáìlì .ova kan. Gbé e sórí fláàṣì. Tí o bá dé Ọ̀fà, fi VirtualBox sí ẹ̀rọ àbúrò rẹ, lọ sí Import. Rí i pé ọ̀nà tí fláàṣì náà gbà ń to fáìlì kì í ṣe FAT32, torí kò ní gba fáìlì tó bá ju 4GB lọ.

Kí o bá mi kí màmá.