Ìrẹsì tí àgbẹ̀ gbìn tí kò lè jẹ: ṣé òótọ́ ni, àbí ti fíìmù ni?

Ìyá Onírẹsì, Kétu

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin olólùfẹ́ fíìmù idà. Ó tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí tí mi ò dá sí i. Lónìí, ọ̀rọ̀ kàn mí.

Ìrẹsì ni mo ń tà lọ́jà Kétu, ó ti di ọdún 19 báyìí. Ọmọ mi ọkùnrin ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ sàmúráì, àwọn jagunjagun ilẹ̀ Japan àtijọ́. Ó ki mẹ́mórì kékeré kan bọ ẹ̀yìn tẹlifísàn, ó ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ wá wo nǹkan." Mo rò pé ìjà lásán ni. Ọ̀rọ̀ Faransé ló ń kọjá nísàlẹ̀, ó sì ń yára ju ojú mi lọ, ni ọmọ bá ń tú u sí Yorùbá fún mi. Ìṣẹ́jú 207! Àwọn tó ṣe é pàápàá mọ̀ pé ó gùn, torí wọ́n dá a dúró láàárín, wọ́n fi orin sí i kí èèyàn lè lọ tọ̀. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dọ̀ wa, a sì tún padà sí i.

Ẹ mọ̀ ọ́n: Seven Samurai, èyí tí Akira Kurosawa ṣe ní 1954. Àwọn àgbẹ̀ abúlé kan gbọ́ pé àwọn olè ń bọ̀ wá kó irè oko wọn, ni wọ́n bá lọ sílùú lọ wá jagunjagun. Wọn ò lówó. Ìrẹsì nìkan ni wọ́n ní láti fi bẹ̀ wọ́n, pé kí wọ́n wá jẹ ẹ́ yó.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí mo ní kí ọmọ dá padà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ti jí ìrẹsì wọn gbé nínú ilé tí wọ́n wọ̀ sí. Bàbá kan nínú wọn, ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń dà bí ẹni tó fẹ́ẹ́ sunkún, ń ṣa ìwọ̀nba tó fọ́n sílẹ̀. Hóró kan. Hóró kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èmi náà máa ń ṣa tèmi bí àpò bá ya, tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi á máa bi mí bóyá mo fẹ́ẹ́ kà á ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló dùn mí jù. Àwọn àgbẹ̀ yẹn ń se ìrẹsì funfun fún àwọn sàmúráì, jéró ni àwọn fúnra wọn ń jẹ. Àwọn tó gbìn ín, tó dúró nínú omi láti àárọ̀ dalẹ́! Ìbéèrè mi rèé: ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ní ilẹ̀ Japan lóòótọ́? Ta ló ń jẹ ìrẹsì ọ̀hún? Kí ló sì dé tí ẹni tó mọ idà lò tó bẹ́ẹ̀ á gbà láti lọ kú nítorí abọ́ oúnjẹ?

Ọmọ Sémì

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ẹ̀yin ń wo ìkòkò, èmi ń wo Toshiro Mifune, òṣèré tó ṣe ọ̀kan nínú àwọn méje yẹn.

Ẹ rántí ibi tó ti gun ẹṣin burúkú yẹn? Ó fi ẹṣin fọ́nnu lójú gbogbo ayé, ó gba ẹ̀yìn ilé kọjá, ẹṣin yọ sí wa, òun ò yọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, nítorí ohun tó ṣe mí nìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gun alùpùpù, lójú ọmọge tí mo fẹ́ẹ́ fi hàn.

Ẹ wá fíìmù rẹ̀ mìíràn, Yojimbo, ti 1961. Ẹ wo bó ṣe ń rìn, tó ń mi èjìká bí ẹni tí iná orí ń jẹ. Ẹ wá wo Sanjuro, ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní ìparí, ọkùnrin méjì dojú kọra, wọn ò mira. Ẹ dúró, ẹ dúró, ó sú yín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni idà jáde, ẹ̀jẹ̀ sì tú bí omi ẹ̀rọ tó bẹ́. Mi ò lè sùn.

Ohun kan ló ń bí mi nínú. Nínú àwọn méje yẹn, mẹ́rin kú. Gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìbọn ló pa wọ́n, kò sí ẹni tí idà pa. Kí ni àǹfààní idà nígbà náà?

Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìbéèrè, Màmá. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níbí ní Àjàṣẹ́, mo sì jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí, torí èmi náà ti wo fíìmù náà ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi òwò yín ṣàlàyé.

Wọ́n ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní koku. Tó bá jẹ́ ìrẹsì, ó tó nǹkan bí kílò 150, ìyẹn àpò mẹ́ta tó jẹ́ kílò 50 kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kà á sí ohun tí ẹnì kan á jẹ lọ́dún kan. Ìwọ̀n yẹn ni wọ́n fi ń sọ bí ilẹ̀ ṣe tóbi sí, òun náà ni wọ́n fi ń sọ bí èèyàn ṣe tó. Nígbà tó yá, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá lè mú 10,000 koku jáde kì í jẹ́ olúwa ilẹ̀. Ìrẹsì ni olúwa ilẹ̀ sì fi ń san owó iṣẹ́ sàmúráì rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ bá ń san owó ìjọba níbẹ̀, Màmá!

Ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ìrẹsì ni wọ́n fi ń san owó orí, níbòmíràn ó máa ń súnmọ́ ìdajì ìkórè. Nítorí náà jéró àti báálì ló ń gbé ilé àgbẹ̀ ró. Kì í ṣe pé wọn ò fẹnu kan ìrẹsì rárá o. Ibì kan yàtọ̀ sí ibì kan, ọdún kan sì yàtọ̀ sí òmíràn. Fíìmù fún un pọ̀ kó lè dùn wá, àmọ́ kò purọ́.

Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá kú sógun, tàbí tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ti di ronin nìyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ìgbì omi ń gbé kiri. Ó mọ idà lò, ó mọ ìwé, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ti kúrò nínú àwọn tí wọ́n ń wọn ìrẹsì fún. Àwọn wọ̀nyẹn ni àwọn àgbẹ̀ lọ bá. Ebi ń pa àgbẹ̀, ebi ń pa jagunjagun, ni wọ́n bá dúnàádúrà.

Ọmọ Sémì, ti ìbọn: 1586 ni ìtàn fíìmù náà ṣẹlẹ̀. Àwọn ará Pọtogí ti gbé ìbọn dé erékùṣù Tanegashima láti 1543, àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ sì ti kọ́ ọ. Kurosawa mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀jẹ̀ tó já fáfá jù nínú wọn, tí idà ò lè mú, ẹnì kan fara pa mọ́, ó na ìka, ó parí.

Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn. Ní 1588, ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, Toyotomi Hideyoshi, ẹni tó ń ṣàkóso Japan nígbà náà, pàṣẹ kí wọ́n gba idà, ọ̀kọ̀ àti ìbọn lọ́wọ́ gbogbo àgbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ẹ́ fi irin wọn rọ ìṣó fún ilé ère Búdà ńlá kan. Ẹ ò rí ọgbọ́n orí! Látìgbà yẹn ni ọ̀nà àgbẹ̀ àti ọ̀nà sàmúráì ti pínyà. Nínú fíìmù, àwọn àgbẹ̀ ṣì ní ẹ̀wù ogun tí wọ́n gbé pa mọ́, èyí tí wọ́n bọ́ lára sàmúráì tó ń sá ogun. Nígbà tí inú bí àwọn sàmúráì yòókù, Mifune ló bú wọn: ta ló sọ àgbẹ̀ di ahun àti apànìyàn, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin sàmúráì? Ìdílé sàmúráì ni bàbá Kurosawa fúnra rẹ̀ ti wá o.

Màmá, bí ẹ bá fẹ́ rí ìdáhùn ìbéèrè yín ìkẹyìn, ẹ wá Harakiri, ti Masaki Kobayashi, 1962. Ogun ti tán, 1630 ni. Ìjọba ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ olúwa kan ní Hiroshima torí pé ó tún odi ààfin rẹ̀ ṣe láìgba àṣẹ, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì fọ́n ká. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Idà méjì ló kọ́ sí ìbàdí bí sàmúráì gidi. Nígbà tí wọ́n fa idà rẹ̀ yọ, oparun ni. Ó ti ta irin rẹ̀ láti fi bọ́ ilé.

Àgbà Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ rọra. Ẹ̀ ń yin àwọn ará Japan bí ẹni pé àwa ò ní tiwa. Ṣé ẹ ti gbọ́ ti àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́? Ohun méjì ló yẹ Ẹ̀ṣọ́: Ẹ̀ṣọ́ jà, ó lé ogun, Ẹ̀ṣọ́ jà, ó kú sógun. Ta ló ti fi wọ́n ṣe fíìmù ìṣẹ́jú 207?

Ọ̀rọ̀ iyì sàmúráì tí ẹ ń pariwo yìí, ìgbà àlàáfíà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti jáde. Láti 1603 dé 1868 ni ìdílé Tokugawa fi ṣèjọba, sàmúráì di akọ̀wé, ó ń ka ìwé ìrẹsì. Ní 1876, ìjọba ní kí wọ́n má gbé idà jáde mọ́. Ìwé Bushido, lórí ìwà àti iyì sàmúráì, tí àwọn òyìnbó gbà mọ́ra, 1900 ni Nitobe Inazo tẹ̀ ẹ́ jáde, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó kú ni à ń sunkún rẹ̀ dáadáa.

Àmọ́ nítorí Olùkọ́ dárúkọ ìrẹsì, mo rántí Yasuke, ọmọ adúláwọ̀ tó bá àlùfáà Jésúìtì dé ibẹ̀ ní 1579. Nígbà tí Oda Nobunaga, olórí ogun ńlá kan níbẹ̀, rí i ní 1581, ó ní kí wọ́n fọ̀ ọ́, torí kò gbà pé àwọ̀ ara rẹ̀ ni. Nígbà tí dúdú ò ṣí, ó gbà á sọ́dọ̀. Ó fún un ní ilé, ó fún un ní idà kúkúrú, ó sì ń wọn oúnjẹ fún un. Ọdún kejì ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun Nobunaga dìtẹ̀ mọ́ ọn, Nobunaga sì gbẹ̀mí ara rẹ̀.

Ìyá Onírẹsì, Kétu

Bàbá, ẹ ṣeun. Olùkọ́, Ọlọ́run á bùkún yín. Kílò 150 fún ọdún kan! Mo jókòó nídìí ọjà lánàá, mo ń wo àpò mi, mo ń kà wọ́n ní èèyàn. Méjìlá ló wà níwájú mi: èèyàn mẹ́rin fún ọdún kan. Oníbàárà kan bi mí kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Bàbá, ẹ tún mẹ́nu ba tiwa, mo sì ń gbé nítòsí Ìdẹ̀nà, ẹnu ọ̀nà odi àtijọ́ ìlú Kétu. Ìyá ìyá mi máa ń sọ ọ́ pé nígbà tí ogun Dahomey dó ti Kétu, tí ìlú fi fọ́ ní 1886, ebi ló ṣí ìlẹ̀kùn, kì í ṣe ìbọn. Odi wà, yàrà wà, oògùn wà lára ìlẹ̀kùn. Oúnjẹ ló tán. Nígbà tí mo rí àwọn àgbẹ̀ yẹn tí wọ́n ń gbẹ́ yàrà sí ẹ̀gbẹ́ abúlé wọn, mo sọ fún ọmọ mi pé, "Wọ́n ti ní ìrẹsì nílé ná?" Kò yé e, mo bá sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀. Agogo méjì òru kọjá kí á tó sùn.

Ta ló ní fíìmù idà oparun yẹn?

Ọmọ Sémì

Ìyá wa, ó wà lọ́wọ́ mi. Mo máa gbé e wá lọ́jọ́ ọjà. Mi ò gba owó o, ẹ ṣáà wọn abọ́ ìrẹsì mẹ́ta sílẹ̀ dè mí.

Ìyá Onírẹsì, Kétu

Abọ́ kan. Ìwọ tó já bọ́ lórí alùpùpù.