Ọfọ̀, ère àti òǹkàwé méje: ọ̀rọ̀ ta ni kí n tẹ̀ lé?

Akọ̀tàn Ìgbómìnà béèrè:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìtàn àròsọ kan ló wà lọ́wọ́ mi, orí 24, ó tó ọ̀rọ̀ 70,000. Ìlú inú rẹ̀ fara jọ Ẹ̀sìẹ́, ìlú Ìgbómìnà tí ère òkúta pọ̀ sí: ọdẹ kan já sí àárín ère òkúta nínú igbó, ó rí i pé èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ọ̀kan nínú wọn di èèyàn padà kí oṣù tuntun tó lé.

Òǹkàwé méje ti ka ẹ̀dà àkọ́kọ́. Méjì ní orí kìíní falẹ̀, kí n gé e. Ọ̀kan ní kí n fà á gùn sí i. Mẹ́ta ní ogun orí 15 kò ba àwọn lẹ́rù. Ọ̀kan nínú wọn tún fẹ́ kí gbogbo èèyàn inú ìwé máa sọ èdè Ìgbómìnà. Ẹnì keje ní "ó dùn gan-an", ó parí síbẹ̀. Báwo ni ẹ ṣe ń to irú ọ̀rọ̀ báyìí kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwé? Mo ti fi orí 15 sókè kí ẹ lè rí ogun náà fúnra yín.

Atúnwèéṣe, Òmù-Àrán:

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ má tíì tún nǹkan kan ṣe. Ẹ mú bébà, ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta: ojú ewé, ohun tó ṣe òǹkàwé níbẹ̀, oògùn tí òun fúnra rẹ̀ júwe. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ gbogbo wọn sí i, kí ẹ wá fi ọwọ́ bo ọ̀nà kẹta. Bí òǹkàwé bá ní nǹkan sú òun lójú ewé 9, ó sú u, ẹ ò lè bá a jiyàn. Oògùn tó júwe ni ẹ lè má lò.

Ẹ wo orí kìíní yẹn. Ẹni tó ní kí ẹ gé e àti ẹni tó ní kí ẹ fà á gùn, ohun kan náà ló ń ṣe wọ́n: wọn ò mọ ohun tí ọdẹ ń wá kiri. Ó sú àwọn kan, ẹnì kan ń retí àlàyé. Tí a bá ti mọ ohun tí ọdẹ máa pàdánù láàárín ojú ewé méjì àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ má gé gbólóhùn kan.

Bí òǹkàwé mẹ́ta nínú méje bá tọ́ka sí ibì kan náà, ẹ tún ibẹ̀ ṣe, kódà kí oògùn wọn tako ara wọn. Bó bá jẹ́ ẹnì kan, ẹ fi sílẹ̀ ná, àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ̀: ọmọ ìlú kan ṣoṣo tó ní "a kì í ṣe orò yẹn lọ́sàn-án" ti tó.

Ti ẹnì keje, ìbéèrè yín ni kò dáa. "Ṣé ó dùn?" kò lè bí ju "ó dùn" lọ. Ẹ bi í pé: ibo lo ti gbé ìwé sílẹ̀ lọ ṣe nǹkan mìíràn? Orúkọ ta lo ṣì mú? Nígbà tí orí 10 parí, kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Kó wá fi ohùn rẹ̀ tún ìtàn náà sọ lórí WhatsApp fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìwo ìwé. Ibi tó bá fò ni okùn ìtàn ti tú.

Mo ti ka orí 15. Ọdẹ pe ọfọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́. Ẹni tí ọfọ̀ rẹ̀ kì í tàsé, ẹ̀rù kí la ó máa bà nítorí rẹ̀? Ẹ fún un ní èèwọ̀ kan, ẹyọ kan péré, tí àṣírí rẹ̀ máa hàn sí òǹkàwé ní orí 3. Tí ẹ bá jẹ́ kó di orí 15 kí ẹ tó dárúkọ èèwọ̀, òǹkàwé á ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kan lórí orúkọ: Àjàní, Àlàbí, Àkànní àti Àlàó wà lójú ewé kan náà. Ojú tó ń sáré kàwé á pò wọ́n pọ̀. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sọ àwọn yòókù ní Ìgè, Dàda, Ọdẹ́wálé.

Ẹlẹ́tí-Ọfọ̀, Ìlọrin:

Àsàlámù aléèkún. Atúnwèéṣe ti sọ̀rọ̀ iye ìgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ohùn. Ọfọ̀ orí 15 ń pàṣẹ lásán: "Ìwọ òkúta, yí padà!" Ìyẹn kì í ṣe ọfọ̀. Ọfọ̀ máa ń mú ohun kan tí ìwà rẹ̀ kì í yẹ̀, á sọ ìwà náà, á wá fi ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó fi ń bẹ̀bẹ̀ sì máa ń fara pamọ́ sínú orúkọ ohun náà. Ẹ gbọ́ èyí tí gbogbo wa mọ̀: tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, kí n má tẹ́ láwùjọ ẹgbẹ́ mi. Orúkọ ewé ló gbé iṣẹ́ náà. Ẹ wá ewé tàbí ẹranko tí orúkọ rẹ̀ ní ohùn iṣẹ́ tí ọdẹ ń bẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ pe é sókè kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá ní ìró lẹ́nu, kò lè ní agbára lójú ìwé. Àmì ohùn ṣe kókó níbí: ẹni tó bá ka "tẹ" láìsí àmì kò mọ̀ bóyá ìtìjú ni tàbí títẹ nǹkan mọ́lẹ̀.

Ohun kejì ni àlùjànnú inú odò. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni, àwọn àáfà ló mú un dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Ìlọrin, ó bá a mu. Ní ìlú yín tí ẹ ní kò tíì sí àáfà kankan, iwin tàbí ẹbọra ni kó wà níbẹ̀. Egbére yín náà ga, kò sì gbé ẹní. Kúkúrú, ẹlẹ́kún, ẹní lọ́wọ́: bí gbogbo wa ṣe mọ egbére nìyẹn. Tí tiyín bá yàtọ̀, kí ẹnì kan nínú ìtàn yà á lẹ́nu.

Ọmọ Ẹ̀sìẹ́ Tó Ń Kàwé:

Àdá ọdẹ fọ́ lára ère ní orí 15. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Òkúta ère Ẹ̀sìẹ́ rọ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, ọ̀bẹ lásán lè ha á. Àdá á wọ inú rẹ̀ ni. Ọdẹ tún fara pamọ́ sẹ́yìn ère lórí ìdúró, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò ga tó mítà kan. Wọ́n lé ní 1,000, púpọ̀ jókòó sórí àpótí, wọ́n ní ilà ojú àti irun dídì, ọ̀pọ̀ ni orí rẹ̀ sì ti kán. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ ti wà láti 1945, òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ lọ wò wọ́n tẹ̀yin ti bébà.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ogun yín wà. Bí òkúta bá rọ̀, gbogbo àdá tó bá tàsé ti gé èèyàn kan. Ẹni tí etí rẹ̀ kán ní orí 15, kó jí láìní etí ní orí 22. Ọdẹ á wá máa jà tìṣọ́ra-tìṣọ́ra, òǹkàwé á sì máa ka ère pẹ̀lú rẹ̀.

Kí n tó gbàgbé: ọdẹ mu gààrí, nínú ayé tí ẹ ní òyìnbó kò tíì dé. Láti Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ti wá. Ẹ fún un ní iṣu tàbí ọkà bàbà. Owó ẹyọ ọ̀kẹ́ mẹ́ta tó fi sápò jẹ́ 60,000 ẹyọ, ẹrù alárù ni. Ẹgbàá kan, ìyẹn 2,000, ti pọ̀ tó fún àpò ọdẹ.

Ní ti èdè Ìgbómìnà, ẹ fi sẹ́nu àwọn àgbà nìkan, kí ẹ mú ìlú kan ṣoṣo. Ti Òmù-Àrán àti ti Òró kò dọ́gba, ọmọ ìlú ni kó sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Akọ̀tàn Ìgbómìnà:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ti àdá tó ń tàsé yẹn ti tún orí mẹ́ta ṣe fún mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ku ohun méjì: lórí fóònù òǹkàwé kan, àmì ohùn fò kúrò lórí lẹ́tà. Àti pé, ta ni kí n fún ní ẹ̀dà kejì?

Atẹ̀wé, Ọ̀ffà:

Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo fún ẹ́ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Ẹ ló kọ́kọ́ wà, àmì ohùn wá gùn ún lórí. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n gbé á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ lo Charis SIL, Gentium tàbí Noto Serif, kí ẹ sì fi PDF ránṣẹ́, kí fọ́ǹtì wà nínú fáìlì. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ wá orúkọ Ọdẹ́wálé nínú ìwé. Bí iye tó jáde bá kéré sí èyí tí ẹ mọ̀, ẹ ti po oríṣi àmì abẹ́ méjì pọ̀, ìlà àti ẹ̀kán. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀kán.

Atúnwèéṣe, Òmù-Àrán:

Ẹ mú méjì nínú àwọn tó ní ogun kò ba àwọn lẹ́rù, kí ẹ fi mẹ́ta tí kò rí ìwé náà rí kún wọn. Orí mẹ́ta-mẹ́ta ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́, láti orí kìíní, kí wọ́n lè bá èèwọ̀ pàdé lójú ọ̀nà. Ẹ má sọ fún àwọn méjì àtijọ́ pé ẹ ti tún ogun kọ.