Ẹ̀rọ-ìsìnlú kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká tún un wò

[Láti Ìgbọ̀nà]

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́gboyè l'Óṣogbo, níbi tí wọn yóò ti kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣiṣẹ́ fún ará àdúgbò, "ẹ̀rọ-ìsìnlú" ni kó máa jẹ́. Rárá o.

Ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta: ohun tí à ń rà lọ́jà nìyẹn. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ-ìsìnlú, ará Ọjà Ọba á bi yín pé èló ni, ṣé epo ló ń mu àbí iná. Iṣẹ́ là ń sọ, ẹ wá fi irinṣẹ́ ṣe orí ọ̀rọ̀. Níbo lẹ gbé "fi" sí? Fi ẹ̀rọ sin ìlú: ìfẹ̀rọsìnlú. Bí wọ́n ṣe dá ìfọwọ́sowọ́pọ̀ nìyẹn, kò sí awo níbẹ̀.

[Láti Òkè-Baálẹ̀]

Àbúrò, o ṣeun, àmọ́ o sáré jù. Ìwọ náà mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ń gòkè sí àárín. "Ó sìn mí" àti "ó sin mí" yàtọ̀ gedegbe. "Ó sin ìlú" ńkọ́? Ṣé ó sìn ín ni, àbí ó sin ín? Kó o wá sún un pọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ara ìlú á bọ́ sórí sin, bí ti òkú ṣe bọ́ sórí rẹ̀ nínú ìsìnkú. Ìfẹ̀rọsìnlú tìrẹ yẹn, katapílà tó ń fi erùpẹ̀ bo ìlú mọ́lẹ̀ bí òkú ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo ti kó tèmi náà nílẹ̀ nítorí ẹ̀.

Bí àwọn àgbà bá ń sọ nǹkan tuntun lórúkọ, wọn kì í túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan báyìí. Nígbà tí ètò ìsìnlú ọlọ́dún kan (NYSC) bẹ̀rẹ̀ ní 1973, agùnbánirọ̀ la wá ń pe àwọn ọmọ tó ń ṣe é. Ẹ wá Gẹ̀ẹ́sì tó wà nídìí ẹ̀ fún mi. Níbí gan-an, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Ọ̀ṣun pín fún ọmọ ilé-ìwé girama ní 2013, Ọpọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n pè é. Ó pẹlẹbẹ, ó ní etí, ìka là ń fi tẹ ojú rẹ̀ bí a ti ń fìka tẹ Ifá lójú ọpọ́n. Orúkọ nìyẹn! Iṣẹ́ tí a jọ ń ṣe fúnra wa láìgbowó, àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ lórúkọ: ọ̀wẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ẹ̀rọ. Kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ tó wá gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní àmì ohùn, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àti pé "akẹ́kọ̀ọ́gboyè" tó o kọ yẹn, ẹni tó gba HND ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe (pólì) ńkọ́? Oyè nìyẹn àbí ìwé-ẹ̀rí?

[Láti Ìgbọ̀nà]

Mo gba ti katapílà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àmì ohùn ò tíì bùṣe o, ẹ̀gbọ́n.

Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n máa rán àwọn ọmọ yìí. Kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ (SMS) pe àwọn ìyá ọmọ wá gba àjẹsára. SMS kan ń gba lẹ́tà 160. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú ẹ, ọ, ṣ, á, í, ó, ú bá ti yọjú, fóònù á sọ gbogbo rẹ̀ di Yúníkóòdù, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ḿbà, àyè á já sí 70; bó bá sì ti ju ojú ewé kan lọ, 67 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Àtẹ̀jíṣẹ́ oní lẹ́tà 150 tó yẹ kó jẹ́ ojú ewé kan di mẹ́ta, owó mẹ́ta lórí ìyá kan. Ẹ tún wá wo ìrẹ́jẹ: à, è, ì, ò, ù wà nínú lẹ́tà 160 yẹn, nínú àwọn olóhùn òkè, é nìkan ni wọ́n gbà wọlé. Lẹ́tà "ẹ́" ò tiẹ̀ ní ẹyọ tirẹ̀ nínú Yúníkóòdù: "ẹ" gba àyè kan, àmì orí rẹ̀ gba òmíràn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ránṣẹ́ fi ń gé àmì dànù. "Abere awon omode lola" ló máa dé ọ̀dọ̀ ìyá. Abẹ́rẹ́ ni, àbí kó gbé ọmọ lọ Sẹkitéríàtì ìjọba Ọ̀ṣun ní Abere?

Àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn tó máa gba àwọ̀n ẹ̀fọn le jù bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan á tẹ ṣ tó jẹ́ ẹyọ kan (nọ́ḿbà U+1E63 nínú Yúníkóòdù), èkejì á tẹ s kó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀ (U+0323), ẹ̀kẹta á fi ìlà òòró kékeré sábẹ́ rẹ̀ (U+0329). Lójú tiwa Ṣadé kan ni. Lójú kọ̀ǹpútà Ṣadé mẹ́ta ni, wọ́n á sì kọ àwọ̀n ẹ̀fọn mẹ́ta mọ́ ọn lórúkọ. Kí wọ́n tó ka iye ènìyàn, kí wọ́n kọ́kọ́ fi 0323 rọ́pò 0329 níbi gbogbo, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi unicodedata.normalize("NFC", oruko) tò ó nínú Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà; NFC ni yóò so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Bí wọ́n bá fo ti àkọ́kọ́, NFC ò ní fọwọ́ kan ìlà yẹn rárá, Ṣadé á ṣì kù méjì.

Nítorí náà, orúkọ tí ò bá lè dá dúró láìsí àmì, kò wúlò fún àwọn ọmọ yìí. Ẹ gé àmì orí ọ̀wẹ̀ ẹ̀rọ yín: "owe ero". Òwe èrò nìyẹn! Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ mú àárò, iṣẹ́ tí à ń bára wa ṣe, wá, àárọ̀ àti ààrò ń dúró dè é. Tèmi, "iferosinlu": ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́.

HND, oyè ni. Ẹni tó gbà á àti ẹni tó gboyè ní yunifásítì, àwọn méjèèjì ló ń jẹ́ agùnbánirọ̀ ní àgọ́ NYSC ní Ẹdẹ.

[Láti Òkè-Baálẹ̀]

Lórí HND, a ò tíì parí. Lórí Ṣadé, o ṣeun, mo ti rí ìlà òòró yẹn nínú fáìlì mi. Ṣùgbọ́n mọ́fíìmù àkọ́kọ́ inú ọ̀rọ̀ rẹ, ìyẹn ègé tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ ì? Àfẹ̀rọsìnlú ńkọ́?