Ìbòmú tí wọ́n ní kí n máa fi sùn kò jẹ́ kí n sùn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Dámilọ́lá (Ògbómọ̀ṣọ́):

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú alẹ́ o. Ọkọ̀ èrò ni mò ń wà láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn, ó ti lé lógún ọdún. Ẹni ọdún 56 ni mí. Ó pẹ́ tí ìyàwó mi ti ń sọ ọ́ pé mò ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, pé bó bá yá, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ lójijì. Ó ní èémí mi á dúró, òun á jókòó tì mí, òun á máa kà á, kí n tó ta gìrì bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú odò. Mo ní àárẹ̀ ọkọ̀ ni.

Ohun tó là mí lójú rèé. Lọ́jọ́ kan, èrò mẹ́rìnlá wà lẹ́yìn mi, a ti kọjá Ọ̀yọ́, à ń bọ̀ wálé. Ó kù díẹ̀ ká dé Odò-Ọbà ni oorun gbé mi lọ. Ìyá kan tó jókòó níwájú ló gbá mi léjìká, tó fi igbe ta. Táyà apá ọ̀tún ti wọ inú koríko. Kò sẹ́ni tó fara pa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ láti ọjọ́ náà mi ò gbé èrò mọ́. Ẹlòmíì ló ń bá mi wa ọkọ̀ náà.

Ní ọsibítù, wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi lórí àti láyà, wọ́n ní kí n sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí àbájáde dé, èémí mi ń dúró tàbí kó já wálẹ̀ gidigidi ní ìgbà 41 láàárín wákàtí kan. Sleep apnea lorúkọ rẹ̀. Ọmọ mi tó wà ní Ìlú Ọba fi ẹ̀rọ CPAP ránṣẹ́, èyí tó ń gba inú ìbòmú fẹ́ atẹ́gùn síni nímú lójú oorun, dókítà sì bá mi tò ó.

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, mi ò tíì lò ó ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ lóru kan. Bí mo bá ti de ìbòmú náà, àyà mi á máa já, á dà bíi pé ẹnì kan fi ìrọ̀rí bò mí nímú. Atẹ́gùn rẹ̀ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fẹ́ sí mi lójú. Mo fún okùn rẹ̀ pinpin, ó bó mi lára lórí egungun imú. Ọ̀fun mi ń gbẹ nínú ọyẹ́ yìí, ikùn mi á kún fún afẹ́fẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí NẸ́PÀ bá tún mú iná lóru, ìpayà ni mo fi ń jí.

Màmá mi, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọlé bá mi níbi tí mo ti ń gbìyànjú rẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n rò pé ọ́síjìn ni wọ́n ti gbé fún mi, pé ó ti parí. Ìyẹn dùn mí ju ojú ọgbẹ́ imú mi lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo irú rẹ̀, báwo ló ṣe mọ́ yín lára? Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Ìyá Ìbejì Tàkíè:

Bàbá Dámilọ́lá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Mo ti ń lo tèmi fún ọdún méjì. Oṣù àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dì í padà sínú páálí pé kí wọ́n wá gbé e.

Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni pé mi ò dúró de òru mọ́. Ní ọ̀sán, bí mo bá dé láti ìsọ̀, màá jókòó, màá kàn fi ọwọ́ gbé ìbòmú náà síwájú imú, mi ò ní dè é, ẹ̀rọ á máa fẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Mo lè gbé e kúrò nígbà tó bá wù mí, ìyẹn ló pa ẹ̀rù náà. Ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ni mo dè é, tí mò ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò. Lẹ́yìn náà ni mo fi ń rẹjú lọ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó gbé e wọ òru. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ̀yin fẹ́ kó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ara kò sì gbà á.

Bí ẹ bá bọ́ ọ lóru, ẹ má bá ara yín jà. Ẹ mí dáadáa, ẹ mu omi, kí ẹ tún dè é. Bí kò bá ṣeé ṣe, ó di ọ̀la.

Ọmọ Arádà:

Ẹ má bínú o, Bàbá. Kí èémí èèyàn máa dúró lójú oorun, kó máa ta gìrì, ogun òru làwọn àgbà ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní irú rẹ̀, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n sì fún un ní àgbo. Ẹ̀rọ òyìnbó nìkan kọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀-Àfọ́n:

Ẹ kú ilé gbogbo yín. Ọmọ Arádà, mi ò bá yín jiyàn lórí àdúrà, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí a bá sùn, ẹran ara tó wà ní ọ̀fun máa ń dẹ̀. Lára àwọn kan, ó máa ń dẹ̀ débi pé ojú ọ̀nà atẹ́gùn á pàdé. Ẹni náà ń gbìyànjú àtimí, atẹ́gùn ò wọlé. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á sì jí i díẹ̀ kó lè mí. Ìdúró kan gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá 10 kí wọ́n tó kà á. Láti 30 sókè láàárín wákàtí kan ni wọ́n ń pè ní èyí tó le. Ti Bàbá jẹ́ 41. Ẹni tí ara rẹ̀ ń jí nígbà 41 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kò lè má sùn lórí ọkọ̀. Àìsàn yìí tún máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru rìn. Ẹ má fi àgbo dípò ẹ̀rọ náà, ẹ jọ̀ọ́, pàápàá àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ. Ọtí ń jẹ́ kí ọ̀fun túbọ̀ dẹ̀, oògùn oorun sì lè dá kún un.

Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé ọ́síjìn kọ́ o. Afẹ́fẹ́ inú yàrá yín náà ni ẹ̀rọ ń fà, tó ń tì wọ ọ̀fun kó má baà pàdé. Láti 1981 ni dókítà Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney, lọ́hùn-ún ní Ọsirélíà, ti jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń lò ó kò sí lójú ikú rárá.

Ẹ wá gbọ́ tiyín. Okùn tí ẹ fún pinpin yẹn ló ń bó yín lára, òun náà ló sì lè máa jẹ́ kí atẹ́gùn yọ, torí rọ́bà etí rẹ̀ ń ká. Ẹ tú gbogbo okùn sílẹ̀, ẹ dùbúlẹ̀ bí ẹ ṣe ń sùn gan-an, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ wá máa fa okùn díẹ̀díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì títí yíyọ náà á fi dúró. Ìdúró ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wọn tiwọn, ojú sì máa ń yí padà téèyàn bá dùbúlẹ̀. Ọyẹ́ la wà yìí, mo mọ̀ pé ẹ ń fi òrí pa ojú. Òrí àti fásílìn ń jẹ́ kí rọ́bà náà máa yọ̀, wọ́n sì ń bà á jẹ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ ojú kí ẹ tó sùn, ẹ fi òrí sí ẹsẹ̀ àti apá. Ẹ máa fi ọṣẹ tí kò le fọ rọ́bà ìbòmú náà láràárọ̀.

Ìbòmú náà sì lè tóbi jù yín lọ. Èyí tó bá ẹ̀rọ wá nínú páálí kọ́ ló máa ń bá gbogbo ojú mu. Ẹ padà lọ kí wọ́n wọn yín.

Ọ̀fun gbígbẹ: ṣé ẹ ń bu omi sínú ike rẹ̀? Omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba oru rẹ̀ jọ, distilled, ló dára jù. Ẹ ṣọ́ra kí wọ́n má lọ ta omi ásíìdì bátìrì fún yín. Èyí tó bá kù láàárọ̀, ẹ dà á nù.

Bọ́tìnì kan wà tí wọ́n ń kọ Ramp sí. Òun ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́jẹ́, láti ìwọ̀n agbára atẹ́gùn 4 lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, kó máa lọ sókè bí oorun ṣe ń gbé yín. Ẹ má fọwọ́ ara yín yí ìwọ̀n tí dókítà kọ. Ẹ sọ ti ikùn tó ń kún fún un, ó lè dín in kù. Kó tó dìgbà náà, ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kí orí ga díẹ̀.

Bí iná bá lọ, kò ní sé yín mọ́ inú rẹ̀. Ìbòmú tó bo imú àti ẹnu ní ìlẹ̀kùn kékeré kan tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí atẹ́gùn bá dúró. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín, kí ẹ dán an wò ní ọ̀sán, nígbà tí ẹ kò sùn.

Ṣé ẹ dá irùngbọ̀n sí?

Bàbá Dámilọ́lá:

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Kò sẹ́ni tó sọ ìdajì èyí fún mi rí. Òrí ni mo ń fi pa gbogbo ojú, lálaalẹ́. Irùngbọ̀n wà, kò pọ̀.

Alfa Sábó:

Salaam alaykum, Bàbá. Èmi ò lè fá tèmi, bẹ́ẹ̀ ni ìbòmú ńlá yẹn ò lẹ̀ mọ́ ọn, atẹ́gùn ń gba inú irun jáde. Èyí tó kàn ń bọ́ sí ẹnu ihò imú méjèèjì ni wọ́n fún mi, kò kan àgbọ̀n rárá. Ó fúyẹ́, mo lè fi kàwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń la ẹnu sùn, atẹ́gùn á máa gba ẹnu jáde, ó lè nílò okùn àgbọ̀n.

Ohun kan tó ń dùn mí: mo máa ń dìde kírun lóru, bí mo bá padà dùbúlẹ̀, mi ò ní dè é mọ́. Dókítà ní ìdajì òru ìkẹyìn yẹn gan-an ni tèmi ti ń le jù. Ẹ máa dè é padà.

Ẹnjiníà Under-G:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná, ìyẹn ni mo mọ̀. Bí ẹ bá pa ohun tó ń mú omi gbóná, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ yìí ń jẹ nǹkan bí 30 sí 60 wáàtì. Ká ní 40 ni tiyín, fún wákàtí 8 ó di 320 wáàtì-wákàtí (40 lọ́nà 8). Bátìrì 12 fóòtì tí wọ́n kọ 100 Ah sí lára ní 1,200 wáàtì-wákàtí nínú (12 lọ́nà 100). Bó bá jẹ́ ti olómi, ẹ má lò ju ìdajì, ìyẹn 600. Ó gbé òru kan dáadáa, ó sì kù. Íńfátà kékeré tó ń mú iná tó mọ́ (pure sine wave) jáde tó fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ so ó mọ́ bátìrì láìsí íńfátà, ẹ wo ara ẹ̀rọ, òmíràn 12 fóòtì, òmíràn 24, kí ẹ ra wáyà tirẹ̀ gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá náà. Afẹ́fẹ́ tó bá wà níbẹ̀ ni ẹ̀rọ máa tì sínú yín.

Ọmọ Ẹlẹ́pà, Ọ̀yọ́:

Mo ń wá ti bàbá mi. Wọ́n ní tòkunbọ̀ wà ní Èkó, owó rẹ̀ ò tó ìdajì tuntun. Ṣé kí n rà á?

Nọ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀-Àfọ́n:

Àbúrò, kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ bàbá wò, ẹ má fi ìbòmú ẹlòmíì àti ìwọ̀n ẹlòmíì sùn. Ní June 2021, iléeṣẹ́ Philips tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí pe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ padà nítorí fóòmù inú rẹ̀ tó lè rún, kí èèyàn sì máa fa ẹ̀rún rẹ̀ símú. Bí wọ́n bá gbé tòkunbọ̀ kan wá, wo orúkọ àti nọ́ńbà ìdí rẹ̀, kí o fi yẹ̀ ẹ́ wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bóyá ó wà nínú wọn, kí o tó sanwó.

Bàbá Dámilọ́lá (lẹ́yìn ọjọ́ 19):

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n jíṣẹ́.

Wọ́n wọn mí, ìbòmú náà fi nọ́ńbà kan tóbi jù mí lọ. Wọ́n fún mi ní èyí tó kéré. Mo fá irùngbọ̀n, mo sì gbé òrí kúrò lójú. Bí Ìyá Ìbejì ṣe wí ni mo ṣe: mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án, mo gbé e dání bí ẹni ń gbé tẹlifóònù. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo lè ṣe. Òru kan wà tí mo sọ ọ́ sílẹ̀, mo sunkún, kí n má parọ́. Alẹ́ ọjọ́ kejì mo tún dè é.

Dókítà dín atẹ́gùn náà kù díẹ̀, ikùn mi ti rọlẹ̀. Àna, ẹ̀rọ kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀: wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 10. Èémí tó dúró, 41 tẹ́lẹ̀, ó di 6. Mo jí, orí ò fọ́ mi. Mi ò rántí ìgbà tí mo jí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ìyàwó mi, tó ti ń sùn ní yàrá àwọn ọmọ láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ti kó ìrọ̀rí rẹ̀ padà wá.

Mo mú ọwọ́ Màmá, mo gbé e sí ẹnu họ́ọ̀sì. Wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ lásán ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní báyìí, àwọn ni wọ́n ń bi mí lálẹ́ bóyá mo ti bu omi sí i.

Mi ò tíì wa èrò o. Dókítà ní kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀ kó tó sọ ọ́, màá sì dúró.

Nọ́ọ̀sì, ìbéèrè kan: asẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ti pọ́n nítorí eruku ọyẹ́. Ṣé kí n fọ̀ ọ́ ni àbí kí n jù ú nù?

Nọ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀-Àfọ́n:

Bàbá, inú mi dùn dé ìsàlẹ̀! Bó bá jẹ́ funfun pẹlẹbẹ bíi bébà, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ fóòmù dúdú, ẹ fi omi ṣàn án, kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó dá a padà. Nínú ọyẹ́, ẹ máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì kékeré, ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ìgbálẹ̀ ti ń kọjá.