Ẹ bi wọ́n léèrè òru

Ẹni tó béèrè lánàá pé ta ni òun lè gbé bàbá òun lé lọ́wọ́ ní Ìlọrin, nígbà tí àwọn dókítà ti ní kò sí iṣẹ́ abẹ mọ́, kò sí kímò, oògùn jẹjẹrẹ, mọ́: ọ̀rọ̀ yín ò jẹ́ kí n sùn. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn gan-an làwa náà dúró sí ní ọdún méjì sẹ́yìn. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan. Ohun tí ojú wa rí ni màá sọ, kẹ́ ẹ lè fi wo àwọn tó bá fẹ́ wá tọ́jú Bàbá.

Ìyá mi ń ta èlùbọ́ ní ọjà Ìpàta. Ọyàn òsì ni jẹjẹrẹ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tá a fi máa gbé wọn dé ilé ìwòsàn ńlá ní Òkè-Òsè, ó ti wọ eegun ẹ̀yìn. Dókítà fi sùúrù ṣàlàyé fún wa, ó ní ká gbé wọn lọ sílé, ká wá ẹni tí á máa wá tọ́jú wọn níbẹ̀. Bùrọ̀dá mi tó wà l'Ábùjá ló bá wa rí àwọn kan.

Tó bá jẹ́ ti ojú ni, kò sí ẹ̀sùn. Aṣọ wọn funfun kin-ín, káàdì wà lọ́rùn wọn, orúkọ ilé iṣẹ́ wọn hàn gàdàgbà lára ọkọ̀. ₦20,000 ni wọ́n ń gbà fún ìbẹ̀wò kan. Wọn á dé láago mẹ́wàá àárọ̀, wọn á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn á fa omi sí Mọ́mì lára, wọn á kọ ọ́ sínú ìwé, wọn á lọ. Mo máa ń sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, màá dúpẹ́, màá tún dúpẹ́. Mi ò mọ̀ pé nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń wọ̀n yẹn, kò sí èyí tó ń yọ Mọ́mì lẹ́nu.

Òru ni ìrora máa ń dé. Tó bá ti tó nǹkan bí aago kan àbọ̀, Mọ́mì á bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sọ́tùn-ún sósì, wọn á di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Wọn kì í pariwo, torí wọn ò fẹ́ kí Bàbá gbọ́ ní yàrá kejì. Èmi tí mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni mò ń gbọ́ bí eyín wọn ṣe ń ha ara wọn. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n fún wa, kò wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ó wọlé. Ẹni tó gbé e ní ká fún wọn ní párásítámọ́ọ̀lù méjì, pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Alẹ́ Jímọ̀ la wà.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló rí egbò náà. Ó ń wẹ̀ fún Mọ́mì lọ́jọ́ Àìkú, ó yí wọn padà, ló bá dákẹ́ lójijì. Ó fọwọ́ pè mí. Nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, lókè ìdí, ara ti bó. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó ti ń dúdú létí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko làwọn aláṣọ funfun ti ń wá, kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n yí ìyá mi padà kí wọ́n wo ẹ̀yìn wọn. Ẹni tí kò lè dá ara rẹ̀ yí, nǹkan bíi wákàtí méjì méjì ló yẹ kí wọ́n máa yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Ó ṣì ń dùn mí dòní, torí inú yàrá yẹn lèmi náà wà.

Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ní ká béèrè àwọn tó ń ṣe palliative. Inú bí bùrọ̀dá mi, ó rò pé ìrẹsì àti gàrí tí ìjọba ń pín ni wọ́n ń sọ, bí gbogbo wa ṣe mọ ọ̀rọ̀ náà látìgbà kòrónà. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ti dí ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́nà ìrànwọ́. Ìtọ́jú tó ń dẹ ìrora fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ṣeé wò mọ́ ni. Ìtọ́jú ìtùnú lèmi ń pè é.

Nọ́ọ̀sì tó wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò yọ nǹkan kan nínú àpò. Ó kí Bàbá, ó kúnlẹ̀ kí Mọ́mì, ó fa àga sún mọ́ wọn. "Mọ́mì, ibo ló ń dùn yín? Kí ni kì í jẹ́ kẹ́ ẹ sùn?" Àtìgbà tí àìsàn yìí ti dé, àwa ọmọ ni wọ́n máa ń bi. Mọ́mì sọ̀rọ̀ tó ogójì ìṣẹ́jú. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fi nọ́ńbà sọ bí ìrora náà ṣe tó, láti òdo dé mẹ́wàá. Mọ́mì ní tọ̀sán ò ju márùn-ún lọ, pé tòru ti kọjá mẹ́wàá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi wọ́n pé kí ni wọ́n mọ̀ nípa àìsàn tó ń ṣe wọ́n. Gbogbo wa gan pa, torí a ti ṣe àdéhùn pé kí wọ́n má gbọ́ ọ. Mọ́mì wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ pé mo mọ̀."

Ọjọ́ kejì ni dókítà wọn sọ̀rọ̀ mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní ṣe bí oògùn tí wọ́n fi ń pa èèyàn díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Dókítà ò bá wọn jiyàn. Ó jókòó, ó ṣàlàyé pé tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ fún ẹni tó ń jẹ̀rora, kì í pa á, kì í sì í sábà sọ ọ́ di ẹni tí oògùn di bárakú fún. Olómi ni, ó korò, sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ la fi ń fà á sí Mọ́mì lẹ́nu, ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ó ní ká má ṣe dúró dìgbà tí ìrora bá dé, aago ni ká máa wò. Ti ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn, ó fi ìlọ́po méjì sí i, kí wọ́n má bàa jí láàárín òru. Òun ló wọ̀n ọ́n fún Mọ́mì o, ẹ má fi ṣe tiyín láìsí dókítà. Ọjọ́ yẹn náà ló fi oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ kún un, torí mọ́fíìnì máa ń dí èèyàn nínú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ẹni tó bá fún aláìsàn yín ní mọ́fíìnì tí kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ rárá, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Ìrun àsùbáà ni wọ́n ń pè nígbà tí Mọ́mì jí lálẹ́ àkọ́kọ́ yẹn. Mo ti ń fọwọ́ sí wọn nímú láti aago mẹ́rin, mo ń wò ó bóyá wọ́n ṣì ń mí.

Egbò ọyàn náà ti ń rùn nígbà yẹn, débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìpàta kì í wọ yàrá mọ́, ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń kí wọn. Nọ́ọ̀sì fọ egbò, ó lọ hóró Flagyl kúnná, ó bu ìyẹ̀fun rẹ̀ sí i, ó fi báńdéèjì bò ó. Ó ní kí n ṣe é lójú òun lọ́jọ́ kejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òórùn náà ti lọ. Ìyá kan tí wọ́n jọ ń ta èlùbọ́ láti ọdún gbọ́n-ọ́n wọlé wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹsẹ̀ Mọ́mì lé itan, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ wọ́n lówó.

Wọ́n tún bi Mọ́mì nípa ìrun. Ó ti ń dà wọ́n láàmú pé àwọn ò lè ṣe àlùwàlá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ náà bá wa yí bẹ́ẹ̀dì kọjú sí kíbílà, Áfáà wa wá ṣàlàyé bí wọn á ṣe fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe é, kí wọ́n fi ojú àti orí kírun lórí ìdùbúlẹ̀.

Òru ọjọ́ kẹrin, aago mẹ́ta, Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Mo pe nọ́ọ̀sì. Ó gbé e. Ohùn oorun ni, ṣùgbọ́n ó gbé e. Ó bi mí ní àwọ̀ èébì, ó ní kí n gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́, ó sọ oògùn tí màá fún wọn nínú èyí tó ti kó sílẹ̀ fún wa tẹ́lẹ̀, kò sì pa fóònù títí Mọ́mì fi rọlẹ̀.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá pè wọ́n, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó ṣìkejì. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé: tí ìrora bá dé láago méjì òru Sátidé, ta ni mo máa pè, kí ló sì máa ṣe? Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ náà lóòótọ́ á dá yín lóhùn kíá, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i rí. Lẹ́yìn ìbẹ̀wò kejì, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti yí Bàbá padà, bóyá wọ́n ti la ẹnu wọn wò. Kẹ́ ẹ sì gbọ́ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, bóyá Bàbá ni àbí ẹ̀yin.

Láti Ọ̀ffà

Ẹ ṣeun, àǹtí wa. Tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Bàbá mi ní jẹjẹrẹ próstéètì, kò sì sí ẹni tó lè máa ti Ìlọrin wá sí Ọ̀ffà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn tá a rí sọ fún wa lójú kan náà pé àwọn ò lè wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù, pé àwọn á kọ́ èmi àti ìyàwó mi. Ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n fi kọ́ wa: bí a ṣe ń fi aṣọ ìtẹ́sùn yí bàbá, bí a ṣe ń fi òwú àti omi iyọ̀ nu ẹnu wọn, bí a ṣe ń kọ wákàtí oògùn sára ògiri. Lẹ́yìn náà, mò ń ya fọ́tò egbò ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ibi tó ti bàjẹ́ ni oògùn. Ìjọba àpapọ̀ ló ń kó ìyẹ̀fun mọ́fíìnì wọlé, ilé oògùn ilé ìwòsàn ńlá ló ń pò ó mọ́ omi. Ìgbà kan, mo gbé mọ́tò láti Ọ̀ffà, mo dé ibẹ̀, wọ́n ní ó ti tán. Ọjọ́ mẹ́rin ni bàbá mi fi jẹ̀rora. Ó yẹ kí wọ́n ti pè mí kí ìgò tó gbẹ. Ẹ bi wọ́n bí oògùn ṣe kù sí, àti ibi tí wọ́n ti máa ń yá a tó bá tán.

Láti Òmù-Àrán

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ní 1967 ni dókítà kan, Cicely Saunders, ṣí St Christopher's, ilé ìtọ́jú fún àwọn tí àìsàn wọn kò ṣeé wò mọ́, sí Lọ́ńdọ̀nù. Òun ló jẹ́ kí ayé mọ̀ pé aago la fi ń fúnni ní oògùn ìrora, pé a kì í dúró de igbe. Ní 1993, dókítà Anne Merriman gbé irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ lọ sí Ùgáńdà pẹ̀lú mọ́fíìnì olómi tí kò wọ́n. Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú èèyàn mílíọ̀nù 56.8 tó nílò rẹ̀ lọ́dún kan, nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń rí i gbà. Ìlú wa wà lára àwọn tí kò rí i.

Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un. Nígbà tí ó bá ku ọjọ́ díẹ̀, tí aláìsàn ò mu omi mọ́, ìdílé á ní ká fa omi sí i lára. Omi náà lè lọ kó sí àyà, kí èémí máa hó. Ẹni tó bá kọ̀ láti gba owó yín fún ìyẹn, tó wá jókòó ṣàlàyé, ẹ di irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú. Ẹni tó bá ṣèlérí ìwòsàn fún yín nírú àkókò yẹn, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹni àkọ́kọ́

Nọ́ọ̀sì tiwa náà sọ ọ̀rọ̀ omi yìí fún wa, a sì gbà. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kan ni Mọ́mì lọ, ọwọ́ wọn wà lọ́wọ́ Bàbá. Ọ̀sán ọjọ́ náà la sin wọ́n.

Ọjọ́ fìdáù ọjọ́ kẹjọ, mo rí nọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ wá yẹn láàárín èrò. Mo rò pé ìgò mọ́fíìnì tó kù ló wá gbà, mo gbé e fún un, ó fi sínú àpò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá lọ bá Bàbá níbi tí wọ́n jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò, ó kúnlẹ̀, ó ní: "Bàbá, ṣé ẹ ń rí oorun sùn lóru?"