Báwo ni a ṣe ń ya àwọn ilé àtijọ́ tí iyọ̀ òkun ti jẹ lára ní erékùṣù?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà oníṣẹ́ fọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi rìn káàkiri erékùṣù kékeré kan nítorí àwọn ilé rẹ̀ tí kò jọ ti ibòmíràn: ògiri funfun tí ó nípọn, ìlẹ̀kùn onígi tí wọ́n fín, ọ̀dà tí ó ti ń ṣí bí èèpo. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo àwọn fọ́tò náà, ògiri funfun ti di aláwọ̀ eérú, àwọn ilé gíga fẹ̀yìn bí ẹni tí ó fẹ́ ṣubú, ara ògiri tí ó rí gbágungbàgun sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìwé. Lẹ́ńsì 24mm, èyí tí ó ń gba àyè fífẹ̀, ni mo lò jù, kámẹ́rà ni mo sì fi sílẹ̀ kí ó máa wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ni kí n ṣe àtúnṣe rẹ̀ kí n tó padà lọ?

Ìdáhùn kìíní

Ti ògiri tí ó tẹ́ ni n óò kọ́kọ́ dáhùn, nítorí lójú tèmi, òun ni ọ̀ràn gan-an. Oòrùn tí ó bá kọjú sí ògiri tààrà kì í fi òjìji sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjìji ni ó ń jẹ́ kí a mọ ibi tí ó jìn sínú àti ibi tí ó yọ síta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí a ṣáà ti jí ní kùtùkùtù ni, ṣùgbọ́n ògiri tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, kùtùkùtù gan-an ni oòrùn ń lù ú lójú. Ìgbà tí oòrùn bá ti gòkè, tí ó kù díẹ̀ kí ó kúrò lára rẹ̀, ni gbogbo ihò àti ibi tí ó ti bó yóò hàn ketekete.

Ní ti ògiri funfun, ṣe ni kámẹ́rà rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ni ó bá dín in kù. Ẹ lo ibi tí a ti ń fi ìmọ́lẹ̀ kún tàbí dín in kù lára kámẹ́rà (exposure compensation), kí ẹ fi +1 kún un, kí ẹ sì wò ó bóyá funfun náà kò tí ì jó, ìyẹn ni pé kò tí ì mọ́lẹ̀ débi tí a kò ní rí ara ògiri mọ́.

Ìdáhùn kejì

Ilé tí ó ń fẹ̀yìn kì í ṣe ẹ̀bi lẹ́ńsì. Ẹ gbé ojú kámẹ́rà sókè láti rí òrùlé ni. Ẹ mú un dúró ṣánṣán, kí ẹ rìn sẹ́yìn, tàbí kí ẹ tọrọ àyè lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé tí ó wà ní òdìkejì. Bí ọ̀nà bá há tí kò sí ibi tí a lè sún sí, ẹ fi àyè sílẹ̀ yí ilé náà ká, nítorí bí ẹ bá tọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà, etí fọ́tò yóò gé dànù. Ẹ má sì fi aṣọ gbígbẹ nu iyọ̀ lójú lẹ́ńsì. Ẹ fẹ́ ẹ dànù ná.

Ìdáhùn kẹta

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lógún. Omi oníyọ̀ ń wọ inú òkúta. Bí omi bá gbẹ, iyọ̀ á dì sínú ihò wẹ́wẹ́, á sì máa ti òkúta láti inú títí ojú rẹ̀ yóò fi ṣí. Bí wọ́n bá wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ọ̀rinrin kò ní ríbi jáde, ìbàjẹ́ náà á sì pọ̀ sí i. Ẹ ya irú ibi bẹ́ẹ̀ náà, ẹ má fi pamọ́ nítorí pé kò lẹ́wà.

Ní Stone Town, ìlú àtijọ́ ní erékùṣù Zanzibar ní Tanzania, tí UNESCO fi sínú àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2000, apá kan Beit al-Ajaib, ilé ọdún 1883 tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ilé Ìyanu, wó lulẹ̀ ní ọjọ́ 25, oṣù Kejìlá, ọdún 2020. Fọ́tò tí ó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà ti di ohun mìíràn lọ́wọ́ ẹni tí ó yà á. Nítorí náà, ẹ ya iwájú ilé lódindi kí ẹ tó súnmọ́ ìlẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ sì kọ déètì sí i. Bí ènìyàn bá ń gbé inú rẹ̀, ẹ kí wọn, kí ẹ sì gba àṣẹ kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sójú.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo tún àwọn fọ́tò náà wò lálẹ́ àná. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ara ògiri rẹ̀ hàn dáadáa: èyí tí mo yà nígbà tí oòrùn fẹ́ẹ̀ kúrò lára ilé náà, tí mo sì rò pé mo ti pẹ́ jù.