Àjíǹde, ìsọjí àbí àtúnwá: kí ni ká pe ti ojú irin Mọríṣọ́ọ̀sì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi.

Àkọlé ìròyìn tí àbúrò wa túmọ̀ sí Yorùbá lánàá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: "Ìjọba Mọríṣọ́ọ̀sì Jí Ojú Irin Àtijọ́ Dìde." Erékùṣù kan nínú òkun Íńdíà ni Mọríṣọ́ọ̀sì (Mauritius). Mo ka ìdajì àkọlé náà, mo ní háà, ìjọba fúnra ẹ̀ náà ti ń jí irin? Nílẹ̀ wa níbí tí àwọn olè ti ń tú irin rélùwéè lóru lọ tà fún àwọn tó ń ra àlòkù, ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀? "Jí" ti olè àti "jí" ti ojú oorun, ohùn kan náà la fi ń pè wọ́n. Kí òǹkàwé tó dé ibi "dìde", ó ti ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá.

Ẹ̀gbọ́n wa kan wá ní "ìsọjí" ló yẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí "Ìsọjí" lára ògiri ní Ìbàdàn, orúkọ pásítọ̀ àti agogo mélòó ló máa wá kiri lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dùn mí. Ẹni tí a bá sọ jí kò tíì kú. Ó dákú ni, wọ́n bu omi sí i lórí, ó sín. Ojú irin Mọríṣọ́ọ̀sì kò dákú ní tiẹ̀. Ó kú fin-ín-fin-ín.

Lọ́dún 1864 ni ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ gbéra ní erékùṣù yẹn, lápá àríwá. Ọdún kejì ni wọ́n ṣí ti àárín, èyí tí wọ́n ń pè ní Midland, tó kúrò ní Port Louis, olú ìlú wọn, tó gun òkè lọ sí Curepipe, tó tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Mahébourg. Ṣúgà ni ẹrù rẹ̀ gan-an, èèyàn náà sì ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, wọn ò gbé èrò mọ́ láti 1956. Nígbà tó di 1964, wọ́n dáwọ́ ẹrù náà dúró. Ọgọ́rùn-ún ọdún ló lò láyé. Wọ́n tú irin kúrò nílẹ̀.

Irin lọ, ojú rẹ̀ kù. Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí a máa ń pe "ojú irin" pọ̀ bíi pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ojú ọ̀nà, ojú omi, ojú àpá: ojú ni ibi tí nǹkan ń gbà tàbí ibi tó wà rí. Àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ilẹ̀ tí irin bá ti sùn lé lórí fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ó ti tẹ́jú, wọ́n ti gé òkè fún un, kò ga ju bí ọkọ̀ ṣe lè gùn ún lọ. Apá kan rẹ̀ níhà Beau Bassin àti Rose Hill di ibi ìnajú tí wọ́n gbin igi sí, àwọn èèyàn ń rìn gbẹ̀fẹ́ níbẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ pé ojú irin ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe Metro Express, ọkọ̀ ojú irin tuntun wọn, ojú àpá yẹn ni wọ́n tọ̀ lọ ní ibi tó pọ̀. Wọ́n gé igi, àwọn ará àdúgbò bínú, wọ́n tẹ́ irin tuntun. Ní 2019 ni wọ́n ṣí láti Port Louis dé Rose Hill. Ní 2022 ó dé Curepipe.

Ṣé àjíǹde nìyẹn? Ẹni tó bá jíǹde, ara tó lọ sínú sàréè náà ló gbé jáde. Ọkọ̀ àtijọ́ yẹn ń yọ èéfín; èyí ń lo iná mànàmáná láti ara wáyà tó wà lókè, Sípéènì ni wọ́n ti rọ ọ́, kò sì gbé ìrèké kankan. Ara yàtọ̀, ìrìn kan náà. Èmi rò pé a ti ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn kí òyìnbó tó dé: àtúnwá. Babátúndé kì í ṣe bàbá bàbá rẹ̀, kò lè wọ bàtà rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ilé yẹn náà ló gbà wọlé. Bí ẹnìkan bá ní ó ti jọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀ṣe jù, "àjíǹde" ńkọ́, ṣé kò jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì ni?

Ẹ má fi "àtúnwá" pe ti Èkó ṣá. Wọ́n ti ní ọkọ̀ kékeré tó ń lo ooru omi ní erékùṣù Èkó láti 1902, láti Ìddó gba orí Carter Bridge kọjá. Nígbà tó yá wọn ò gbé èrò mọ́, iṣẹ́ agbépòó ni wọ́n fi parí ayé rẹ̀ ní 1933. Blue Line, ọkọ̀ ojú irin tuntun ti Èkó, tó dé Marina ní 2023 kò tọ ipasẹ̀ rẹ̀, afárá tirẹ̀ ló gbà. Ọmọ tuntun nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ wa tó ní ká pe irú ọkọ̀ Metro yìí, tí òyìnbó ń pè ní "light rail", ní "ọkọ̀ ojú irin fífúyẹ́", ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ gbé e? "Ọkọ̀ ojú irin ìgboro" tó mi. Ìyá mi àgbà tó ń kó iṣu lọ láti Ọ̀fà, "rélùwéè" ló ń pe ọkọ̀, òun ló ń pe irin, òun náà ló ń pe ibùdókọ̀. A kì í ṣìnà bó bá ń sọ̀rọ̀.

Àwọn ará Mọríṣọ́ọ̀sì náà ní irú rẹ̀. Ní Kirió wọn, èdè ojoojúmọ́ wọn tó ti ara Faransé wá, "lagar" ni ibùdó bọ́ọ̀sì. Láti ìgbà rélùwéè lọ́rọ̀ yẹn ti wà. Ọkọ̀ ojú irin kú, orúkọ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ bọ́ọ̀sì. Inú èdè Faransé ni "lagar" wọn àti "gáréèjì" wa ti wá, ọmọ ìyá ni wọ́n, àwa náà sì gbé tiwa fún ibi tí ọkọ̀ ti ń kó èrò. Ní báyìí, Metro ń dúró ní Victoria ní Port Louis, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lagar bọ́ọ̀sì.

Àbúrò, bó bá jẹ́ èmi ni, báyìí ni màá ṣe kọ ọ́: "Mọríṣọ́ọ̀sì tún tẹ́ irin sójú irin àtijọ́." Kò sí "jí" níbẹ̀. Ẹ wá fi "àtúnwá" sínú ìròyìn nísàlẹ̀, ká wo ẹni tó máa bínú.